Etí Tí Bàbá Dánwò Yàn fún Àna Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá Dánwò jẹ́, kó lọ bi ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, á wá sọ fún un pé nígbà tí àwọn ṣì ń fẹ́ ara àwọn sọ́nà, ọkọ òun ní kí òun wá pàdé òun ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì yọjú. Òun dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro òun. Nígbà tó yá, òun rí orí bàtà tó yọ díẹ̀ lẹ́yìn ògiri lódìkejì ọ̀nà. Ọkùnrin náà ló fara pamọ́ síbẹ̀, tó ń wò ó bóyá òun á ní sùúrù. "Bàtà tí mo bá a yàn fúnra mi," ìyàwó á ní, "ṣé mi ò ní mọ̀ ọ́n ni? Mo kàn ṣe bí ẹni tí ò rí i. Ìgbà tá a bímọ tán ni mo tó sọ fún un, ló bá bínú! Ó ní mo ti ba àyẹ̀wò òun jẹ́."

Iṣẹ́ títún máṣìnnì ìránṣọ ṣe ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo níwájú ilé, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, tí òórùn epo máṣìnnì kì í sì í kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Máṣìnnì tó bá tún ṣe kì í jáde àfi tó bá rán aṣọ nínípọn, tó rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì rán ọ̀rá. Bí oníbàárà bá ní òun ń kánjú, á ní kó gbé máṣìnnì rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kánjú. Àwọn télọ̀ ń bú u lẹ́yìn, wọn kò sì lè fi í sílẹ̀, torí pé ohun tó bá ti ní ó dára, ó dára náà ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe máṣìnnì ló sọ ọ́ ní Dánwò. Pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì ló ti gba orúkọ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn kan máa ń péjọ síbẹ̀ láti fo ọkọ̀ òfurufú kékeré tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn. Ẹ má rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni o. Apá ọkọ̀ wọ̀nyẹn gùn tó kí àgbàlagbà na ọwọ́ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì wọn sì lè gé ìka. Ẹni tó ń fò ó á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ́díò lọ́wọ́, ọkọ̀ á wà lókè lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn rẹ́díò náà, òun ló ń sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Èkejì rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀, òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó sì ń jíṣẹ́ rẹ̀. Páálí tí wọ́n fi ń kó wọn wá pè wọ́n lórúkọ gígùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n ẹnu àti etí ni àwọn ará pápá ń pè wọ́n. Bí ẹnu bá dákẹ́ tàbí tí etí bá di, ohun tó wà lókè ti di ọmọ òrukàn nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ń ra ẹnu tàbí etí lórí pápá náà láìbi Bàbá Dánwò. Káfíńtà, tó jẹ́ alága wọn, tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń sanra bí àpótí aṣọ, kò tijú láti sọ pé òun mọ igi, òun kò mọ etí. Bàbá Dánwò á jókòó, á sì máa là á yé wọn. Kí wọ́n má wo ìyangàn tó wà lára páálí. Kí ẹnu àti etí gbọ́ èdè ara wọn dáadáa, kì í ṣe gbígbọ́ díẹ̀ díẹ̀. Kò sí etí tí ọ̀rọ̀ kì í já mọ́ lọ́wọ́, èyí tó bá ń tètè gbọ́ padà ni kí wọ́n mú. Wáyà méjì tó yọ lára etí, kí ọ̀kan dùbúlẹ̀, kí èkejì dúró, kí wọ́n má sì fara ti irin. Bí ọ̀rọ̀ bá sì já pátápátá, kí ẹ́ńjìnnì kú fúnra rẹ̀, torí ọkọ̀ tó ṣubú sàn ju ọkọ̀ tó lọ ya wọ ojú ọ̀nà lọ.

Lẹ́yìn àlàyé ni àyẹ̀wò. Wọ́n á dín ohùn rẹ́díò kù, ẹnì kan á gbé ọkọ̀ náà mọ́ra, á sì máa rìn lọ, á kẹ̀yìn sí wọn kí ara rẹ̀ lè dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìrù ọkọ̀ bá ṣì ń jẹ́ ìpè láti òkèèrè, ó yege ìyẹn. Wọ́n á wá gbé e sóòrùn pẹ̀lú iná lára, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, títí ara etí á fi gbóná. Èyí ni àwọn ènìyàn kì í ní sùúrù fún. Bàbá Dánwò á ní ọ̀pọ̀ etí ló ń gbọ́ràn nígbà tí ara rẹ̀ tutù, ìgbà tí ilẹ̀ bá gbóná la ń mọ ọmọ tòótọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń pè é. Láti ìgbà tí apá rẹ̀ ti ká ọkọ̀ ni ó ti ń gbé e rìn fún bàbá rẹ̀ lórí pápá, kò sì sí ìrìn ẹlòmíì tí bàbá náà gbà gbọ́. Bó bá dé ọ̀hún, á kígbe pé, "Ó gbọ́, Bàbá!" Bàbá rẹ̀, tó ń yẹ gbogbo nǹkan wò lẹ́ẹ̀mejì, kì í yẹ ìyẹn wò. Ó ti gbọ́, ó ti gbọ́ nìyẹn. Nígbà tó dàgbà, ó di ẹni tó ń wọn ojú fún àwọn tó fẹ́ lo awò ojú, síbẹ̀ kì í pa Sátidé jẹ.

Oníṣòwò kan ta etí ayédèrú kan fún wọn nígbà kan. Ó jọ ojúlówó bí ìbejì. Ó yege nígbà tó tutù, àmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti gbóná dáadáa, á di pátápátá, bí ẹni tí oorun gbé lọ. Ó já ọkọ̀ kan tó dára gan-an sílẹ̀ fún wọn. Ìyá mi mú ọ̀dà èékánná rẹ̀, ó fi kun ẹ̀yìn etí náà ní pupa yòò, ó ní kó má baà ṣèèṣì bọ́ sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá Dánwò, tí kì í sọ nǹkan nù, jù ú sínú agolo.

Nígbà tó yá, Ìyá mi mú ọkọ àfẹ́sọ́nà wálé. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, ìyẹ̀fun kì í sì í kúrò ní bèbè etí rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá Dánwò ní òun ṣì ń wò ó.

"Kí lo tún ń wò?" ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ọmọ náà níwà, ó níṣẹ́, ọmọ ẹ sì fẹ́ràn ẹ̀."

"Ó ti máa ń tètè gba gbogbo èèyàn gbọ́ jù. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Wò ó, ọmọ èèyàn kì í ṣe máṣìnnì o. Tó o bá ti ki ọ̀rá bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó lè má rán an."

Oníbúrẹ́dì fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́ràn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí pápá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàn. Kì í jiyàn, kì í bínú bí wọ́n bá bá a wí. Sátidé kan, Ìyá mi gbé ọkọ̀ tí wọ́n yá ọkùnrin náà rìn dé ìsàlẹ̀ pápá, ó yíjú padà, ó kígbe pé, "Ó gbọ́!" Kò fi "Bàbá" kún un, torí pé kì í ṣe bàbá ló di rẹ́díò mú. Bàbá Dánwò gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí, inú rẹ̀ sì korò bí ewúro. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ òun ló ń jẹ òun lógún. Irọ́ ni. Owú ló ń jẹ.

Oníbúrẹ́dì kan ọkọ̀ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn tó bá ti iná yíyan búrẹ́dì dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, á mú fáìlì tí wọ́n fi ń ha igi, á máa fi fá eegun apá ọkọ̀ náà. Ó kùn ún ní àwọ̀ búrẹ́dì tó jinná. Nígbà tó parí, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn máṣìnnì, ó ní, "Bàbá, mo ti kàn án tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan ẹnu àti etí. Èyí tẹ́ ẹ bá ti mú fún mi ti parí."

Ó ti parí kẹ̀? Gbólóhùn yẹn ló bí Bàbá Dánwò nínú. Ṣé bí ọmọ yìí á ṣe máa gba ohun gbogbo nìyí? Ó ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tó kù ú ku òun nìkan, ó mú ojúlówó ẹnu kan sílẹ̀, tuntun, tí kò lábùkù. Lẹ́yìn náà ló ṣí agolo, ó mú etí ayédèrú jáde, ó mú abẹ kékeré, ó sì rọra ń ha ọ̀dà pupa kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi epo máṣìnnì nù ún títí ó fi ń dán.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ rèé, kí ẹ má baà rò pé ó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti kọ́ ọkùnrin náà ní sísá etí sóòrùn. Bó bá sá a, ara etí á gbóná, etí á di, ọkùnrin náà á wá bá a, á ní, "Bàbá, etí yìí kò dára." Òun á dì mọ́ ọn, òun á fún un ní ojúlówó, òun á sì fi ọmọ òun fún un tọkàntọkàn. Bí kò bá sì sá a, òun á nawọ́ sókè kó tó gbéra, òun á ní, "Dúró! Ṣé o rí i?" Ó ro gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ọmọlúàbí tó mọ gbogbo ọ̀nà tí nǹkan fi ń bàjẹ́, kò ro ti ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo pápá ló wá wo ọkọ̀ aláwọ̀ búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì gbé rẹ́díò wá fún Bàbá Dánwò ní ọwọ́ méjèèjì. "Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fò ó."

"Rárá. Ìwọ lo kàn án."

Ìyá mi gbé ọkọ̀ náà rìn, ìrù rẹ̀ ń jẹ́ ìpè. Wọ́n pa rẹ́díò, ẹ́ńjìnnì kú bó ṣe yẹ. Oníbúrẹ́dì wá tẹ́ àpò sílẹ̀, ó gbé ọkọ̀ náà sórí rẹ̀ nínú oòrùn, ó fẹ́ jókòó tì í. Ọkàn Bàbá Dánwò fò sókè. Ayọ̀ ni tàbí ìjákulẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sọ nǹkan kan sétí ọkùnrin náà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì dìde, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó kọrí sójú ibi tí wọ́n ti ń gbéra.

Káfíńtà fi ìgbọ̀nwọ́ gún Bàbá Dánwò. "Ẹ ẹ̀ rí i pé wọn ò sá a tán? Àbí ẹ ti bá a sá a nílé ni?"

Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó nawọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan nínú rẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, kó kọ́gbọ́n, kí gbogbo èèyàn rí i, kí ọmọ rẹ̀ rí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ó káwọ́ gbera, ó ń wo orí tó ń wọ́.

Ọkọ̀ náà gbéra lọ́nà tó wu ojú. Ó yí pápá ká, ó tún yí i ká, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó fẹ́ padà láti apá ilé iṣẹ́ bíríkì ló kọ̀ tí kò padà mọ́. Oníbúrẹ́dì ń fa ọ̀pá rẹ́díò, ọkọ̀ kò jẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lókè bí wọ́n ṣe tò ó, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ọkọ̀ náà sì dorí kodò lu òkìtì bíríkì. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Eegun apá tí wọ́n ń fá lẹ́yìn iṣẹ́ fọ́nká bí ìgbà tí ènìyàn da ìṣáná sílẹ̀.

Oníbúrẹ́dì kò lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Dánwò ló kọ́kọ́ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ bá mi yan ohun tó dáa, mo wá fi ọwọ́ mi bà á jẹ́. Ọwọ́ mi ni ò tíì gbó."

Bàbá Dánwò ní kó dìde. Ó ní kò burú.

Ìyá mi ló lọ ṣa àfọ́kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, kò bọ́ bàtà, kò kí. Ó gbé etí náà sórí tábìlì láàárín abẹ́rẹ́ àti òwú. Nínú ihò ìdè rẹ̀, níbi tí abẹ kò lè dé, pupa tín-ín-rín ṣì wà.

"Ẹ ha ọ̀dà mi kúrò."

"Ìyá mi, jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ẹ ha á kúrò, ẹ wá mú un fún un."

"Mo ń dán an wò ni." Bó ti sọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. "Kí ni mo kọ́ ọmọkùnrin yẹn? Ṣé mi ò kọ́ ọ pé kó sá a? Ẹni tí ò ní sùúrù láti jókòó ti etí lásán, ṣé òun ló máa jókòó ti ọmọ mi lọ́jọ́ tí nǹkan bá le?"

Ọmọ náà dá a lóhùn. "Ó fẹ́ sá a, Bàbá. Ẹ rí i tó tẹ́ àpò. Èmi ni mo ní kó má wulẹ̀ yọra ẹ̀ lẹ́nu. Mo ní, 'Bàbá mi ló yàn án. Bàbá mi kì í fún èèyàn lóhun tí ò tíì dán wò.' Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn. Èmi lẹ dán wò."

Ìyàwó Bàbá Dánwò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tó wọ inú ilé, ó di aṣọ ìnuwọ́ mú, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣé o ti sọ fún un?" Bàbá Dánwò bi ọmọ rẹ̀.

"Mi ò ní sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó máa gbà yín gbọ́, ó fẹ́ràn yín. Èmi ni mi ò lè gbà yín gbọ́ mọ́." Ó yíjú, ó jáde. Ó rọra ti ilẹ̀kùn dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Àwọn tó bá rò pé ọmọ náà ya bàbá rẹ̀ sọ́tọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó ń pè é lórí fóònù, ó ń béèrè ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, ó ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́. Kò sí ibi tí ènìyàn fẹ́ dì mú kó fi sọ pé ọmọ yìí ò dára. Ṣùgbọ́n kò wá sí pápá mọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá sì ní ọ̀nà ibi báyìí ti dára, á ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," á sì tún bi ẹlòmíì. Oníbúrẹ́dì ló ń bọ̀ ní tirẹ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀, tó ń ní, "Bàbá, ẹ bá mi wo èyí," gbogbo ìgbà tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ni ojú ń ti Bàbá Dánwò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé. Ó wù ú nígbà mìíràn kí wọ́n kúkú sọ fún un, kó bú òun, kó tán. Àfọwọ́fà ni, kì í tán bọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ìyá mi bímọ, Bàbá Dánwò wọ́ ibùsùn ọmọdé tí òun fúnra rẹ̀ fi tọ́ ọ jáde. Ó tú u palẹ̀. Ó pààrọ̀ ìdè tó ti dógùn-ún, ó fi bébà oníyanrìn họ gbogbo ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá ibi tó lè gún ọmọ lára títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó gbé àpò ìyẹ̀fun lé e fún ọjọ́ díẹ̀, ó ń mì í láàárọ̀, ó ń mì í lálẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ, ó ń wò ó, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Wọ́n gbé e lọ. Oníbúrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tayọ̀tayọ̀. Ìyá mi gba ibùsùn náà lọ́wọ́ wọn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá, ó mà rẹwà o." Bàbá Dánwò padà sílé, ó sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rò pé àárín òun àti ọmọ òun ti ń bọ̀ sípò.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn náà, òun àti Káfíńtà jókòó lórí pápá, wọ́n ń dúró kí etí tuntun kan gbóná nínú oòrùn.

"Ọmọ yín mà jọ yín o," Káfíńtà ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó gbé ibùsùn ọmọ kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n bá òun wò ó dáadáa kí ọmọ tó sùn sí i. Mo ní kò sóhun tó ṣe é, kò gbọ́. Ó ní kí n tú u, kí n wo ìdè ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, ẹyẹ ò ní í fò kó má jọ ìyá ẹ̀."

Bàbá Dánwò tẹjú mọ́ ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. "Ṣé ó dáa?"

"Kí ni?"

"Ibùsùn náà."

"Ó dáa kẹ̀! Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ ni. Èmi tí mò ń jẹun nídìí igi, mi ò lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tiẹ̀ bi í pé ta ló bá a tún un ṣe, kí n lè mọ onítọ̀hún." Káfíńtà já koríko kan, ó fi ń ta eyín. "Ó ní ẹnì kan báyìí ni, òun ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n."